Cornelius àti Táwẹ̀lì Àwọn Olóògbé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: ahun ni Cornelius. Ọmọ Iléṣà ni, onígbàgbọ́ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ yanjú, ṣùgbọ́n ahun ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni Àpìkẹ́, tí gbogbo Òkè Fìà ní Òṣogbo ń pè ní Ìyá Ikhlas. Ohun èèlò ọkọ̀ ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi ló dojú kọ ibi tí Cornelius ti ń fi wáàsì, ọ̀rá tó ń mú ojú pẹ́ńtì dán, kun ọkọ̀, títì nìkan ló là wá láàárín. Bó bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, mo gbọ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń kun wáàsì ṣe pàtàkì ju wáàsì fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá le, á ha ojú pẹ́ńtì. Bó bá ń tú irun, irun á lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Bó bá ń mu wáàsì jù, ìdajì agolo á wọ inú rẹ̀ lọ, oníbàárà á sì máa rò pé wọ́n jí wáàsì òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta fóòmù. Mo ní èyí tó rí roboto fún wáàsì. Mo ní èyí tí wọ́n fi aṣọ bò lójú fún síílà, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n ń fi bo pẹ́ńtì kí òjò àti oòrùn má baà tètè bà á jẹ́. Mo sì ní èyí tó ní okùn lẹ́yìn, tí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ kó má baà já bọ́. Wọ́n rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Gbogbo àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní Òṣogbo ló ń wá rà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó wà níwájú mi gan-an ni kì í rà á.

Táwẹ̀lì òkú ni Cornelius ń lò.

Ẹ̀yin náà mọ táwẹ̀lì tí mò ń wí. Bí arúgbó bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe é ní ẹ̀yẹ, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ sára táwẹ̀lì kékeré, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó dàárọ̀, wọ́n á sì pín in fún àlejò. Kò sí ilé kan láti Òṣogbo dé Iléṣà tí kò ní ìdì kan nínú wọn. À ń fi wọ́n nu ojú, à ń fi wọ́n sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀, à ń fi wọ́n nu imú ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń ro ti ẹni tó wà lára rẹ̀. Cornelius nìkan ló jókòó rò ó.

Kò sí òkú àgbà tí wọ́n ń ṣe láti Òkè Fìà títí dé Ìmẹ̀sí-Ilé tí kì í dé ibẹ̀. Oúnjẹ kọ́ ló ń bá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń pín táwẹ̀lì ló máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá na tirẹ̀ sí i, á fi ìka pa á wò kó tó bá ọmọ olóòkú sọ̀rọ̀. Bó bá nípọn, á kẹ́dùn dáadáa, á tilẹ̀ béèrè ohun tó pa olóògbé. Bó bá fẹ́lẹ́, á ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò yọ àwa Mùsùlùmí sílẹ̀. Nígbà tí a ń ṣe fìdáù bàbá mi, ohùn Cornelius ló ń ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ nídìí àmín. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Kò pẹ́ sí i, mo gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, mo rí láwàní bàbá mi tó ń yọ láàárín ìka Cornelius lórí ìlẹ̀kùn Kámúrì kan, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Mo sọdá títì, mo bú u bó ṣe yẹ kí wọ́n bú u. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ikhlas. Bàbá nípọn ni."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n n kò lè purọ́, Kámúrì yẹn dán.

Ó ní òfin tirẹ̀. Táwẹ̀lì tuntun kì í kan ọkọ̀ àfi bó bá fọ̀ ọ́ léraléra tí omi sítáàṣì inú rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn táwẹ̀lì ló ń kan pẹ́ńtì. Ojú òkú ló máa ń kọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ àwòrán máa ń le, ó sì lè ha ọkọ̀. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ kò ní kan pẹ́ńtì mọ́ láéláé, torí iyanrìn. Kò sì jẹ́ fi ìkankan nínú wọn nu taya. Àkísà lásán ló ń fi nu taya. Ó ní ẹni tó bí ọmọ, tó tọ́ ọmọ, tí ọmọ sin, kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi nu taya.

Ó sì ní ìmọ̀ tó ń múni bínú. Ó ní òun lè fi ọwọ́ pa táwẹ̀lì kí òun sọ bí ilé olóògbé ṣe rí. Táwẹ̀lì ìyá tó lọ́mọ ní òkè òkun máa ń nípọn. Ti bàbá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà sí ilé máa ń ṣí ní etí. Ti olóbìnrin púpọ̀ máa ń fẹ́lẹ́, nítorí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ náà ti bá a ya wèrè. Ẹ óò gbọ́ tí ọkùnrin tó wọ kóòtù máa sọ kalẹ̀ lọ́kọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja ti ijọ́sí ni kí ẹ fi kun tèmi."

Àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í tẹ táwẹ̀lì fún òkú ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá kú ní kékeré, kíá la máa ń sin ín, a ò ní se oúnjẹ, a ò ní pín nǹkan kan. Báyìí ni wọ́n ṣe sin Phebe, ìyàwó Cornelius. Tèmi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìdí rìn nígbà yẹn. A sin Phebe láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti kó àga padà fún ẹni tó ni ín. Cornelius kò fẹ́ ìyàwó míràn. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni Tèmi dàgbà sí, lórí ìbòrí àga ọkọ̀ ló máa ń sùn lọ́sàn-án, pẹ̀lú Ikhlas ọmọ mi. Mọ́mì ló ń pè mí títí dòní.

Ẹ ti wá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Tèmi fi kàn mí.

Ìkejì-Arákeji ni Tèmi ń gbé, ó ń di irun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Olúwajùwọ́nlọ, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ tó tutù, tí ẹnu rẹ̀ kò tó orúkọ rẹ̀. Bàbá ọmọ náà ni Bàbá Barnabas, olówó ni ní Iléṣà, bàbá ìjọ ni, ó sì ní jíípù dúdú kan tó ń wò bí ẹyin ojú rẹ̀. Kò kọ́kọ́ gba Tèmi. Ó ní òun kò lè bá ẹni tó ń nu ọkọ̀ ṣe àna. Olúwajùwọ́nlọ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé kí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó wa jíípù rẹ̀ wá sí Òṣogbo fúnra rẹ̀. Ó ní kí àna òun kun ọkọ̀ náà kó dán fún ọjọ́ ńlá. Lójú tèmi, ó fẹ́ wo irú èèyàn tí Cornelius jẹ́ ni.

Cornelius fọ ọkọ̀ náà, ó gbẹ ẹ́. Ó gbé àga fún Bàbá Barnabas lábẹ́ igi, mo sì gbé omi tútù lọ fún un. Ìgbà tí mo rí i pé Cornelius ń wọ inú yàrá ẹ̀yìn tó ń kó táwẹ̀lì sí lọ, mo mọ ohun tó fẹ́ mú. Mo sáré mú fóòmù kan, èyí tó dára jù lọ, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Cornelius, ọ̀fẹ́ ni. Gbà á. Lónìí nìkan, dákun."

Ó ní, "Ẹ má dààmú. Mo ti ní èyí tí mo fẹ́ lò fún wọn."

Ó jáde pẹ̀lú ọ̀rá kan tó dì pa. Ó já a. Táwẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ nípọn ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Ó ti fọ̀ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ó tún un dì sínú ọ̀rá. Ó ká a, ó fi wáàsì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáàsì kọ́kọ́ máa ń funfun lójú pẹ́ńtì, ẹ̀yìn tó bá gbẹ ni wọ́n ń nù ún tí á fi dán. Ó ti kun ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì kí Bàbá Barnabas tó dìde láti wá wò ó.

Bí Bàbá Barnabas ṣe sún mọ́ ọn báyìí, Cornelius fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀, ó sì yí àtẹ́lẹwọ́ sókè kó lè rí ẹni tó wà níbẹ̀. Ojú Màmá Julianah ni, ìyá Bàbá Barnabas, tí wọ́n sin ní Iléṣà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Màmá wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín, wáàsì sì ti bá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Cornelius ní, "Mo wà níbi òkú Màmá, sà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi wọ́n pamọ́. Mi ò fi wọ́n kun ọkọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Mo ní ọwọ́ ìyá ló yẹ kó kan ọkọ̀ ọmọ."

Mo dijú. Ẹ wò ó, mo mọ Cornelius, mo mọ̀ pé iyì tó tóbi jù lọ tó ní láyé ló gbé fún ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀?

Bàbá Barnabas kò pariwo. Èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Yèyé mi rèé. Yèyé mi lo sọ di àkísà ọkọ̀."

"Bàbá, kì í ṣe àkísà..."

"Ọmọ rẹ ò ní wọ ulé mi."

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọ ọkọ̀, ó sì fi ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì funfun àti ìdajì dúdú kọrí sí ọ̀nà Iléṣà. Ó dà bí ẹni tó fi páúdà sí ẹ̀gbẹ́ ojú kan tó gbàgbé èkejì. Oòrùn ọ̀sán sì ń ràn. Mo mọ̀ pé kó tó dé ilé, wáàsì náà á ti yan mọ́ ara pẹ́ńtì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tèmi ti pè mí lórí fóònù. Ó ní Olúwajùwọ́nlọ sọ pé bàbá òun ti fagi lé ìgbéyàwó náà, pé bí òun bá fẹ́ Tèmi, kí òun má dé ilé bàbá òun mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni Dádì ṣe?" Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọdá títì láti lọ bá Cornelius jà. Mo bá a lórí àga tí Bàbá Barnabas fi sílẹ̀. Táwẹ̀lì Màmá Julianah wà lórí eékún rẹ̀, ó ń fi omi ọṣẹ nu wáàsì kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá díẹ̀díẹ̀. Ìjà náà tán nínú mi.

Mo ní, "A máa lọ bẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "Kò ní gbọ́."

Mo ní, "Ìyẹn kò kàn ọ́. Tìẹ ni kí o dọ̀bálẹ̀."

Jibril ọkọ mi ló fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí Iléṣà, nítorí ẹ̀bẹ̀ àna kò dùn lẹ́nu obìnrin àti ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilẹ̀ Iléṣà pupa, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mò ń kọ́ Cornelius ní ohun tí yóò sọ. Mo ní ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Mo ní kó má dárúkọ wáàsì, kó má dárúkọ fóòmù, kó má ṣe sọ pé Màmá nípọn. Jibril ní kí n jẹ́ kí ọkùnrin náà mí.

A dé ilé náà. Jíípù wà níta, ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì funfun. Ó hàn pé àwọn kan ti gbìyànjú láti fi omi àti ọṣẹ ha á, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ṣákaṣàka. Mo rí i tí ọwọ́ Cornelius ń yún un. Mo gbá a ní ìgbúnwọ́. A gun àtẹ̀gùn dé fàráńdà, a kan ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. A rí Bàbá Barnabas tó jókòó nínú pálọ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn lójú, kò sì gbé ojú kúrò nínú rẹ̀.

Cornelius kò dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Ó na gbalaja sórí símẹ́ńtì tútù náà níta, orí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Jibril gbìyànjú láti bá a dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà, ó bá dúró sí ìlàjì. Èmi fẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé kí n lọ kúnlẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tútù tí mo kó bọ̀ láti Òṣogbo. Mo wo ilẹ̀ kí n lè nu ẹrẹ̀ bàtà mi kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Mo fà sẹ́yìn.

Bàbá Barnabas ní, láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn, "Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ."

Mo ní, "A fẹ́ wọlé, Bàbá. A ò ríbi tẹ̀ ni."

"Ibi wo lẹ fẹ́ tẹ̀?"

Mo ní, "Màmá ló dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà."

Ó sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀. Ó dìde, ó wá. Táwẹ̀lì Màmá Julianah ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìnusẹ̀, méjì lórí ara wọn. Gbogbo ẹni tó wọlé láti òwúrọ̀ ló ti nu ẹrẹ̀ sí màmá lójú. Gèlè kò hàn mọ́. Ẹ̀rín nìkan ló kù. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí báyìí, Màmá Adétutù, ìyàwó Bàbá Barnabas, jáde láti ilé ìdáná láti wá wo ẹni tó dé, ó sì fi táwẹ̀lì Màmá Julianah kan di ìkòkò gbígbóná mú.

Ó bojú wò wá, ó bojú wo ilẹ̀, ó bojú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ó ní, "Bàbá, mo bi yín nígbà yẹn. Mo ní kí la fẹ́ fi èyí tó kù ṣe? Ó kún abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ ní kí n máa wá nǹkan fi wọ́n ṣe."

Bí mo bá ní ìwà, ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. N kò dákẹ́. Mo ní, "Cornelius kì í fi wọ́n nu taya, Bàbá. Ó ní kò yẹ." Jibril pè mí ní orúkọ àbísọ mi, ìyẹn sì ni pé kí n pa ẹnu mi mọ́.

Gbogbo ìgbà yìí, Cornelius wà nílẹ̀. Orí rẹ̀ ló súnmọ́ ìnusẹ̀ náà jù lọ nínú gbogbo wa. Kò sọ ìkankan nínú ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́ ọ. Ó na ọwọ́, ó fa táwẹ̀lì méjèèjì sọ́dọ̀, ó jókòó, ó fún omi ẹrẹ̀ kúrò lára wọn sí etí fàráńdà, ó sì ká wọn pọ̀ bó ṣe máa ń ká wọn. Lẹ́yìn náà ló dìde.

Bàbá Barnabas ní, "Níbo lò ń kó wọn lọ?"

"Mo fẹ́ lọ fọ̀ wọ́n, sà."

Ohùn Bàbá Barnabas ti yí padà nígbà tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó rẹ tó kú ńkọ́? Ta ló ní táwẹ̀lì tirẹ̀ lọ́wọ́?"

Cornelius ní, "Ọmọdé ni, sà. Wọn kò tẹ nǹkan kan fún un."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Cornelius, n kò gbọ́ kó sọ gbólóhùn yẹn rí. Mo ti máa ń rò pé ahun ló ń lé e kiri ilé olóòkú. Ahun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ má gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọkùnrin náà ń jowú àwọn òkú tí wọ́n rí ẹni tẹ̀ wọ́n sára aṣọ.

Bàbá Barnabas wọ bàtà. Ó kọjá lára wa, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí jíípù rẹ̀. Ó ní, "Wá parí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí o bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè fi irú èyí lọ sílé àna."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Kò ní òun dárí jì wá, kò ní òun jẹ̀bi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, wọn kì í fi ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Adétutù ti sáré wọlé, ó gbé páálí táwẹ̀lì tuntun kan jáde láti abẹ́ àtẹ̀gùn, eruku ń bọ́ lára rẹ̀. Cornelius fọ mélòó kan nínú wọn léraléra, ó sì lọ mú agolo wáàsì tó gbé sínú ọkọ̀ Jibril. Wáàsì la fi ń yọ wáàsì tó ti yan. Ó fi wáàsì tuntun rọ èyí tó ti gbẹ, ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Barnabas náà mú táwẹ̀lì kan, ó ká ojú ìyá rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe rí i tí Cornelius ká a, ó sì ń nu ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò mọ iṣẹ́ náà rárá. Cornelius ń tọ ẹ̀yìn rẹ̀ tún un ṣe láì jẹ́ kó mọ̀.

Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. N kò ní fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́, ẹ ti dé ibi ìgbéyàwó rí.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo fẹ́ sọ. Mo ti wé gèlè tán, mo ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ kí n mú pọ́ọ̀sì mi, ni mo rí Cornelius lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tí yóò gbé Tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lódìkejì, ó ti fọ̀ ọ́, kò tíì kùn ún.

Ó ní, "Ìyá Ikhlas, mo fẹ́ ra fóòmù kan."

Mo di ìlẹ̀kùn mú. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun le. Mo yan èyí tó rọ̀ jù lọ fún un, mo gba owó, mo fi ọ̀rá dì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bí mo ṣe wí fún un, bí kò ṣe gbọ́, bí ẹni tó jìn sí kòtò ṣe ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo tẹ̀ lé e sọdá títì kí n lè sọ wọ́n tán.

Ó gbé fóòmù náà lé orí àga. Ó fa nǹkan kan yọ láti inú àpò, aṣọ òwú tó gùn, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tó ti rọ̀ nítorí ìfọ̀. Mo mọ̀ ọ́n kó tó tú u tán. Èmi náà ti fi í pọn Tèmi nígbà tí ó ń sunkún ìyá rẹ̀. Ọ̀já Phebe ni, èyí tó fi ń gbé ọmọ náà pọ̀n.

Cornelius fi ọ̀já náà wé fóòmù dáadáa, tí fóòmù kò hàn mọ́ níbì kankan. Ó ní, "Kò ní táwẹ̀lì. Èyí ni mo rí." Ó fi wáàsì sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tí Tèmi yóò ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ tán lẹ́nu mi. Mo jókòó sórí àga, mo sunkún, mo ba àtíkè jẹ́ lójú ara mi, kò sì sí táwẹ̀lì kan nítòsí tí mo lè fi nu ojú láì jẹ́ pé mo mọ ẹni tó wà lára rẹ̀. Mo mú bàbá mi nínú wọn. Ó ṣì nípọn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé nígbà tí Cornelius kun ọkọ̀ náà tán, ó tú ọ̀já kúrò, ó ká a, ó dá a padà sí àpò. Lẹ́yìn náà ló gbé fóòmù náà sókè sí oòrùn, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó sì fi sínú ọ̀rá tí mo fi dì í fún un. Ó wá sí iwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

Ó ní kò kan wáàsì. Ó ní tuntun ṣì ni, kí n jọ̀ọ́ kí n gbà á padà, kí n dá owó òun fún òun.

Mo gbà á.